Fábíyì àti Òkìtì Èédú Ìkpìnlẹ̀

A bí Fábíyì ní Ìkpìnlẹ̀, ní agbo ilé tó wà lẹ́yìn ọjà. Bàbá rẹ̀ ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ó sì ní ọ̀pẹ mọ́kànlélógójì. Ní ọdún 1951, nígbà tí Fábíyì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó gba ọ̀nà igbó kọjá sí ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì bá a dé Èkó. Ilé iná mànàmáná kan ló gbà á síṣẹ́. Èédú òkúta ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀. Èédú yẹn kì í ṣe èédú igi tí à ń fi yan àgbàdo. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, ó wúwo, ó sì ń dán. Iná rẹ̀ á sọ omi inú ìkòkò irin ńlá di ooru, ooru á ti ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á bí iná mànàmáná. Ọdún mọ́kànlá ni Fábíyì fi ṣọ́bìrì kó èédú sẹ́nu iná náà.

Ó padà wálé ní ọdún 1962. Ohun méjì ló bá a bọ̀. Ó mọ èédú òkúta ju ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa lọ, ó sì ń wúkọ́. Bó bá tutọ́ láàárọ̀, itọ́ náà dúdú.

Ó fẹ́ Adùnọlá, ọmọ ìlú Kpúlù. Bàbá Adùnọlá ti kú. Àlàgbé, àbúrò bàbá rẹ̀, ló fa ìyàwó lé Fábíyì lọ́wọ́. Iṣẹ́ Àlàgbé ni kó máa sun èédú igi. Láti Kpúlù títí dé Pòbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sun tó o.

Ọmọ méjì tí Adùnọlá kọ́kọ́ bí kú ní oṣù kan náà, oṣù kẹta ọdún 1965. Èéyi ló pa wọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló wà láàárín ikú méjèèjì. Ẹ̀kẹta dé ní oṣù kìíní ọdún 1968. Wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́.

Ilé ìfúnpo dé Ìkpìnlẹ̀ ní ọdún 1966. Ẹ̀rọ ló ń fún epo pupa níbẹ̀. Lucien, ará Àjàṣẹ́, ni olórí. Sẹ́ẹ̀fù là ń pè é. Nígbà tí ẹyìn bá pọ̀, ìhá àti èèpo èkùrọ́ ni wọ́n fi ń dáná. Bí ẹyìn bá wọ́n, iná á kú. Lucien fẹ́ iná ní gbogbo ọdún, ló bá ní kí wọ́n kó èédú òkúta wá. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Kútọnu, rélùwéè gbé e dé Pòbẹ̀, kámíyọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Fábíyì ni wọ́n ní kó máa dáná.

Ohun tí èédú yẹn ṣe fún wa pọ̀. Kànga wa jìn ní mítà méjìlélógójì. Ẹ̀rọ ilé ìfúnpo ń fa omi rẹ̀, àwọn obìnrin sì sinmi okùn. Ilé ìwòsàn, tó wà ní igba ìṣísẹ̀ sí ilé ìfúnpo, gba iná mànàmáná láti ibẹ̀, pẹ̀lú gílóòbù márùn-ún àti fìrígò kan, àpótí tó ń mú nǹkan tutù. Àwọn aboyún ń bímọ nínú ìmọ́lẹ̀.

Ohun tó gbà lọ́wọ́ wa náà wà. Èéfín rẹ̀ ń bà sórí páànù. Ní ìlú wa, a kì í gbe òjò àkọ́rọ̀ sínú kòtò omi. À ń jẹ́ kó fọ páànù ná. Nígbà tí èédú dé, gbogbo òjò di òjò àkọ́rọ̀. Omi kòtò dúdú. Aṣọ tí a sá dúdú. Àwọn tó ń gbé ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bíi Fábíyì.

Àwọn obìnrin a máa fi Adùnọlá ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi.

"Adùnọlá, àwa náà ni ọkọ rẹ ń dáná sun ni?"

"Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ funfun, kó má bímọ sábẹ́ gílóòbù mọ́."

Bí Adùnọlá ṣe ń fèsì níta nìyẹn. Bó bá délé, ohun mìíràn ló ń sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi èédú sílẹ̀, kó padà sóko.

Èmi ni olùṣọ́ ilé ìwòsàn nígbà náà. Kàsímù, ará Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ni ẹnfimíyè wa, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó kọ́ mi ní nọ́ńbà kí n lè máa ka ọ̀pá dígí inú fìrígò, èyí tó ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe tutù tó. Mò ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, kámíyọ̀ mẹ́jọ já èédú sílẹ̀ ní Ìkpìnlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Fábíyì kò sí nílé. Ó lọ mú irin kan ní Àjàṣẹ́. Lucien mọ epo, kò mọ èédú. Ó ní èédú ni èédú, ó sì ránṣẹ́ pe Àlàgbé kó wá tò ó.

Àlàgbé tò ó bó ṣe ń to igi tó fẹ́ sun. Ó kó o jọ ní òkìtì, gíga rẹ̀ tó ìdúró ènìyàn méjì. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ó da erùpẹ̀ lé e, ó sì dá ihò méje sí ẹsẹ̀ rẹ̀ yíká kí ó lè máa mí. Ó lẹ́wà. Àwọn ènìyàn wá wò ó.

Fábíyì dé lọ́jọ́ kejì. Ní Èkó, wọn kì í jẹ́ kí òkìtì èédú ga ju ìbàdí lọ. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó ki. Wọn kì í dá ihò sí i. Èédú òkúta tí a kó jọ gíga máa ń gbóná fúnra rẹ̀ láti inú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀, yóò jó láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Fábíyì mọ èyí.

Àlàgbé dúró síbẹ̀, àwọn ènìyàn yí i ká. Fábíyì dọ̀bálẹ̀.

"Àna mi, wo iṣẹ́," ni Àlàgbé wí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Ó dìde, ó lọ. Ní ilẹ̀ wa, ọkọ ọmọ kì í ṣí ẹnu bá àna rẹ̀ wí lójú àwùjọ, kódà bó bá jẹ́ òótọ́ ló fẹ́ sọ. Fábíyì ní lọ́kàn láti lọ bá a nílé, kó rọra sọ ọ́. Kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá.

Òjò ìkẹyìn ọdún náà rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá. Oòrùn gbígbóná tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́tò ìjọba gbé abẹ́rẹ́ èéyi wá sílé ìwòsàn, ọgọ́ta ìgò kéékèèké. Èéyi ti wọ Kpúlù, ó ti pa ọmọ mẹ́rin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gún yóò dé ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú irin iṣẹ́ wọn. Títí di ìgbà náà, kí ọgọ́ta ìgò yẹn wà nínú fìrígò.

Kàsímù fi ìka han nọ́ńbà kan lórí ọ̀pá dígí fún mi. "Mẹ́jọ. Bó bá kọjá ibí yìí, à ń dà á nù. Omi lásán ni."

Yìnyín tó sún mọ́ wa jù lọ wà ní Àjàṣẹ́, yóò sì ti yọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, èéfín ń yọ nínú ihò mẹ́rin. Lucien pàṣẹ kí wọ́n da omi sí òkìtì. Fábíyì sáré dé.

"Sẹ́ẹ̀fù, ẹ má da omi sí i."

"Iná ń jó, o ní kí n má da omi sí i? Kí ni kí n dà sí i, epo?"

"Ẹ jẹ́ ká tú u."

"Kí ló dé tí a fi máa tú u? Ṣé wọn ò tò ó dáadáa ni?"

Àlàgbé wà níbẹ̀, kò jìnnà tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Fábíyì wo ilẹ̀.

Wọ́n da omi sí i, àgbá mẹ́rìnlá, láti inú táńkì omi tí ìkòkò irin ilé ìfúnpo ń mu. Òkìtì náà bú gbàmù. Ooru funfun tú jáde, ẹ̀yinná fò, ó jó Lucien lápá òsì. Erùpẹ̀ orí òkìtì sán. Nígbà tí ooru lọ, iná ń yọ nínú ihò méjèèje.

Omi tó kù nínú táńkì kò tó. Lucien pa ẹ̀rọ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ̀rọ tó kú yìí ló ń fa omi kànga. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní iná, a kò sì ní omi tí a ó fi dá iná. Gbogbo èédú wà nínú òkìtì tó ń jó, wọ́n sì fi igi dáná sábẹ́ ìkòkò irin pẹ̀lú omi díẹ̀ tó kù. Igi náà tutù. Ooru tó ń ti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dé mẹ́fà lójú aago ìkòkò irin tó ń wọ̀n ọ́n. Ó dé mẹ́ta, ó dúró.

Fìrígò wà ní mẹ́ta lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó di mẹ́rin lọ́sàn-án, márùn-ún nírọ̀lẹ́. Kàsímù fi aṣọ tutù bò ó, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣí i láìjẹ́ pé òun ní kí n ṣí i, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i ni ooru ń wọlé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti di mẹ́fà. Kàsímù rán mi lọ sí ilé ìfúnpo láti béèrè ìgbà tí iná yóò dé. Mo bá Fábíyì níwájú òkìtì. Adùnọlá dé lẹ́yìn mi, ó pọn Málọmọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Málọmọ́, èéyi ti dé ìhín. Ọmọ agbo ilé Oyèlẹ́yẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ti sú."

Fábíyì wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.

"Òkìtì yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé yóò jó?" ni Adùnọlá bi í.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti rí i."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Àna mi ni, Adùnọlá."

"Bàbá mi ni. Ó bá wa sin ọmọ méjì. Ṣé ẹ rò pé ó fẹ́ kó di mẹ́ta nítorí ìdọ̀bálẹ̀?"

Fábíyì ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó lọ bá Àlàgbé lábẹ́ igi oṣè tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àlàgbé ti jókòó síbẹ̀ láti àná. Kò jẹun. Fábíyì dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ihò yẹn ló ń pa wá. Èédú igi ló ń fẹ́ ihò, ti òkúta kò fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sọ."

Àlàgbé tẹjú mọ́ ọn.

"O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"O jẹ́ kí n máa yan bí àkùkọ lórí òkìtì, o mọ̀ pé yóò jó mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

"N kò fẹ́ dójú tì yín ni."

"Ojú wo ló wá kù báyìí?" Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í pa iná. Kí ni ká ṣe?"

"Ká tú u."

"Bí a bá tú u báyìí, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, yóò ru sókè, yóò jó òrùlé sẹ́ẹ̀fù. Ohun tó ń jó nínú, a kì í ṣí i níwájú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn là ń gbà wọ̀ ọ́. Ihò ni ká kọ́kọ́ dí."

Fábíyì dìde. "Ẹ bá wa dí ihò, Bàbá. Èmi á gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́."

Wọ́n jọ lọ bá Lucien. Apá rẹ̀ wà nínú aṣọ. Fábíyì ní èédú tó ti gbóná nínú òkìtì ni kí wọ́n máa kó sábẹ́ ìkòkò irin.

"O fẹ́ kó iná wọ inú ẹ̀rọ mi?"

"Sẹ́ẹ̀fù, inú ẹ̀rọ ni ilé iná. Ìta ni kì í ṣe ilé rẹ̀."

"Omi ń kọ́?"

Adùnọlá ló dáhùn. "Omi wà nínú kòtò ilé wa gbogbo. Omi dúdú tí ẹnikẹ́ni kò mu."

Ó lọ láti agbo ilé kan dé èkejì. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan: "Omi tí ọkọ rẹ bà jẹ́, òun náà ló tún wá ń tọrọ?" Adùnọlá ní, "Òun ni. Ẹ bù ú wá." Wọ́n bù ú wá. Àádọ́rin garawa ni mo kà kí n tó dẹ́kun kíkà. Wọ́n ń fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú táńkì.

Àlàgbé fi amọ̀ dí ihò mẹ́fà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń lẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ihò keje wà ní ẹ̀yìn afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni Fábíyì gbà wọlé.

Ó kìlọ̀ fún àwọn tó ń bá a kó o. Èéfín kan wà nínú èédú tó ń jó lábẹ́, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó ń pa ènìyàn bí oorun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dúró lẹ́nu ihò kọjá kíkà igba. Èmi ni mò ń kà. Bí mo bá pe igba, wọ́n á jáde, àwọn mìíràn á wọlé. Fábíyì kò jáde. Mo pe igba lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì wà níbẹ̀.

"Fábíyì! Igba!"

"Máa ka tìrẹ."

Òun nìkan ló mọ èyí tó gbóná tó láti jó àti èyí tó yẹ kí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kó tutù. Bó bá jáde, wọn kò ní í mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó ṣubú. Àlàgbé ló fi ẹsẹ̀ méjèèjì fà á jáde. Ó bì. Ó dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìdámẹ́rin wákàtí, ó sì tún wọlé. Àlàgbé wọlé tẹ̀ lé e, ó di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

Ní aago mẹ́wàá, mo fi kíkà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo sáré lọ sílé ìwòsàn, Kàsímù sì ní kí n ṣí fìrígò. Méje.

Mo sáré padà. Aago ìkòkò irin wà ní mẹ́rin. Ó di márùn-ún. Ó pẹ́ lórí márùn-ún. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kan mẹ́fà, Lucien tú ooru sí ẹ̀rọ, gílóòbù ilé ìwòsàn sì tàn. Àwọn obìnrin hó.

Kàsímù kò hó. Ó ní fìrígò kì í tutù lójú ẹsẹ̀. Ní aago méjìlá, a ṣí i, a jọ wò ó.

Mẹ́jọ.

Omi inú ọ̀pá náà wà lórí ìlà gan-an. Kàsímù tì í. Mo kọ mẹ́jọ sínú ìwé. A jókòó síwájú rẹ̀, a ń gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ní aago kan mo ní kí a wò ó, ó ní rárá. Ní aago méjì ó gbà. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí méje. Nírọ̀lẹ́, ó di márùn-ún. A kò pa ẹ̀rọ títí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì fi mọ́. Fìrígò wà ní mẹ́ta.

Àwọn mẹ́ta tó fẹ́ gún abẹ́rẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án. Ọmọ ti kún ilé ìwòsàn dé ojú ọ̀nà. Olórí wọn gba ìwé, ó ń ka nọ́ńbà mi. Ìka rẹ̀ dúró.

"Ta ló kọ mẹ́jọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé kò kọjá bẹ́ẹ̀?"

"Mẹ́jọ ni mo rí."

"Ní aago kan ń kọ́?"

"A kò ṣí i ní aago kan."

Ó wo Kàsímù. Kàsímù ní, "Iná ti dé láti bíi wákàtí kan kí ó tó kan mẹ́jọ. Mo pa ilẹ̀kùn dé kó lè sọ̀ kalẹ̀. N kò lè búra ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkùnrin náà yọ ìgò kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó dá a padà. Adùnọlá ló wà níwájú pátápátá, Málọmọ́ wà lápá rẹ̀.

"A ó lò ó," ni ọkùnrin náà wí.

Irínwó ó lé méjìlá ọmọ ni wọ́n gún lọ́jọ́ náà. Málọmọ́ ni àkọ́kọ́.

Fábíyì kò rí i. Ó wà nídìí iná. Adùnọlá gbé ọmọ náà lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìfúnpo, ó fi apá rẹ̀ hàn án.

"Ṣé ó sunkún?"

"Wọ́n gbọ́ ọ ní Kpúlù."

Fábíyì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì tán. Nígbà tó gbé aṣọ kúrò lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

Kàsímù yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì. Ó ní kó fi èédú sílẹ̀ lóṣù yẹn gan-an.

"Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò máa mú fìrígò yín tutù?"

Kàsímù wò mí.

Èéyi jà ní Ìkpìnlẹ̀ títí di oṣù kẹrin. Nínú àwọn tí wọ́n gún, mẹ́ta ló mú, kò pa ọ̀kankan. Nínú àwọn tí ìyá wọn kò gbé wá, ó pa márùn-ún.

Fábíyì wà nídìí iná fún ọdún méjì sí i. Wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ mìíràn wá lọ́dọọdún. Adùnọlá kò bẹ̀ ẹ́ mọ́ pé kó padà sóko. Ó ń se ẹ̀kọ gbígbóná fún un láàárọ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń mu ún.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, wọ́n gbé fìrígò tó ń jẹ kẹrosínì wá fún ilé ìwòsàn. Kò fẹ́ iná mànàmáná. Kàsímù tan án, ó ní kí n máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ó wà ní mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ sọ fún Fábíyì.

"Ọjọ́ mẹ́ta?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Mẹ́rin, kò yẹ̀."

Ó fi ṣọ́bìrì ti ògiri, ó sọ fún Lucien pé ó dàbọ̀, ó sì lọ sílé.

Ó gbé oṣù mẹ́rìnlá sí i láyé. Ìgbà méjì ló gbin àgbàdo, ìgbà méjèèjì ló kórè rẹ̀. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1972. Málọmọ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin.